Ọmọ Olókè: Àṣà Àwọn Tó Fi Orí Òkè Ṣe Ilé ní Ilẹ̀ Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí àṣà Ìbàdàn sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá iná oúnjẹ. Ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ààfin àtijọ́ tí ọba kankan kò gbé mọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gòkè lọ ṣe ètùtù níbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń rúbọ sí àpáta lọ́dọọdún. Bí ẹ bá bi ọmọ ìwòyí pé kí ló fa gbogbo èyí, yóò ní, "Ìbọ̀rìṣà ni." Ìdáhùn yẹn kò tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí bá mi wò ni pé òkè ti jẹ́ ilé rí. Kí ó tó di ohun tí à ń bọ, ilé ni, odi ìlú ni, ibi ìsápamọ́sí ni. Bí èyí bá ti yé wa, ọ̀pọ̀ àṣà tó dà bí ẹni pé kò nítumọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wa.

Kí a kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀

Òkè ni orúkọ gbogbo ilẹ̀ tó ga, ì báà jẹ́ erùpẹ̀, ì báà jẹ́ òkúta. Àpáta ni òkúta ńlá tí igi kì í fi bẹ́ẹ̀ hù lórí rẹ̀. Pàlàpálá àpáta ni àlàfo tó wà láàrin òkúta sí òkúta, níbi tí ènìyàn lè há ara rẹ̀ sí. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ilẹ̀ tó tẹ́jú nísàlẹ̀. Òkìtì ni ilẹ̀ tó wú sókè, ọ̀pọ̀ àgbà ló sì gbà pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá, nítorí pé ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wọn.

Ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa o. Òkè ni ibi gíga, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ ni àpò, ọ̀kẹ́ kan sì ni 20,000 owó ẹyọ láyé àtijọ́. Ọmọ tí wọ́n sọ ní Ọ̀kẹ́ nínú àwọn orúkọ àmútọ̀runwá, inú àpò ni wọ́n bí i sí. Kò ti orí òkè kankan sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rí ìwé ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti da méjèèjì pọ̀ ju ìgbà kan lọ.

Kí ló gbé wọn gòkè?

Àwọn kan ti wà lórí òkè láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kì í ṣe ogun tí a mọ ọdún rẹ̀ ló gbé wọn débẹ̀. Ìtàn àwọn ará Ìdànrè, fún àpẹẹrẹ, sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ọdún tí wọ́n lò lórí òkè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú ló jẹ́ pé wàhálà ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló lé wọn lọ síbẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1820 lọ, ilẹ̀ Yorùbá kò rójú. Ogun Òwu tú apá gúúsù ká. Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, Ọ̀yọ́ Ilé sì tú láàrin ọdún 1830 sí 1840. Láti ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń wá kó ènìyàn lẹ́rú. Láti àríwá, àwọn Tápà ń da Èkìtì àti Àkókó láàmú. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò tú pátápátá títí di 1893. Ẹni tí wọ́n bí ní 1820 tó sì dàgbà di arúgbó lè má mọ ọdún kan tí ogun kò jà níbì kan nítòsí rẹ̀.

Ẹṣin ló jẹ́ kí àwọn jagunjagun Ìlọrin ṣòro láti kojú ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ta ló lè sá fún ẹṣin? Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í gun àpáta. Ẹni tó bá wà lórí òkè yóò rí eruku ogun láti ọ̀nà jíjìn, yóò ti kó ọmọ àti ìyàwó pamọ́ kí ogun tó dé ìdí òkè, yóò sì lè yí òkúta lu ẹni tó bá ń gùn bọ̀. Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wọ́n tún ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní òwe méjèèjì yìí, ẹ mú un dúró sí orí òkè kan, ẹ ní kó wo ìsàlẹ̀. Kò ní í nílò àlàyé púpọ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀

Kò rọrùn o. Orí àpáta kò ṣeé gbin iṣu púpọ̀ sí, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni oko máa ń wà. Àárọ̀ ni wọ́n ń sọ̀ lọ sóko, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gùn padà pẹ̀lú ẹrù lórí. Igi ìdáná, ewé, amọ̀ ìmọlé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi orí rù gòkè. Aboyún gùn ún, arúgbó gùn ún. Òkú nìkan ni kì í sọ̀ mọ́, nítorí pé òkè náà ni wọ́n ń sin ín sí. Ìdí nìyẹn tí ibojì àwọn baba ńlá fi wà lórí òkè Ìdànrè di òní.

Omi ni olórí ìṣòro. Ibi tí odò tàbí ìsun bá wà lórí òkè ni ènìyàn ti lè gbé pẹ́. Ibi tí kò bá sí, omi òjò tó dúró sínú kòtò àpáta ni wọ́n ń dá lé, ìyẹn kò sì lè gbé ìlú ró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ìlú kan pẹ́ lórí òkè, ẹ béèrè omi wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, omi yẹn pàápàá yóò ti ní orúkọ àti èèwọ̀ tirẹ̀. Ní Àdó-Àwáyé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, adágún omi kan wà lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Ìyákẹ̀, ó sì ní ọ̀wọ̀ tó pọ̀ lójú àwọn ará ìlú. Omi tó bá dá ẹ̀mí ìlú sí kì í jẹ́ omi lásán mọ́.

Àpáta ní àǹfààní tirẹ̀ náà. Ìyá tó bá fẹ́ sá èlùbọ́ kò ní í wá ẹní. Oòrùn ọ̀sán á ti mú kí òkúta gbóná, èlùbọ́ á sì yára gbẹ. Títí di òní, ẹ ó rí i ní ọ̀pọ̀ ìlú olókè tí wọ́n ń sá gbàgúdá àti ìṣù èlùbọ́ sórí àpáta.

Òkèbàdàn: ọjọ́ tí kò sí iná

Ìtàn Ìbàdàn sọ pé Lágelú, jagunjagun kan láti Ilé-Ifẹ̀, ló tẹ ìlú náà dó sí ẹ̀bá ọ̀dàn, ibi tí igbó ti pàdé pápá. Láti ara "ẹ̀bá ọ̀dàn" ni orúkọ Ìbàdàn ti wá. Ọjọ́ kan ni eégún jáde, àṣírí rẹ̀ tú láàrin ọjà, àwọn obìnrin àti ọmọdé rí ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí, wọ́n sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí Aláàfin gbọ́, ó rán ogun sí ìlú náà, ogun sì pa á run. Lágelú ti darúgbó nígbà yẹn. Òun àti ìwọ̀nba ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ́kù sá gun orí òkè.

Kí ni wọ́n jẹ níbẹ̀? Èso òro àti ìgbín ni. Ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Oríkì Ìbàdàn kò jẹ́ kí a gbàgbé èyí. Bí wọ́n bá ń ki ọmọ Ìbàdàn dáadáa, òro yóò wà níbẹ̀, ìgbín yóò wà níbẹ̀, ìkarahun yóò wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń fi àwọn ará Ìbàdàn ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ẹni tó ń fi ìkarahun mu ẹ̀kọ ni ẹni tí kò ráyè mú igbá jáde nílé. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, a ti gbọ́ pé wọ́n sá òjijì, pé wọn kò mú ohun kankan, pé ebi sì pa wọ́n títí wọ́n fi ń jẹ ohun tí ọwọ́ wọn bá ká nínú igbó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí rí ní kíláàsì pé, "Tíṣà, bí wọn kò bá ní iná lórí òkè, ta ló wá sè ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi ìkarahun mu?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa béèrè irú rẹ̀. Ìtàn kò sọ pé wọn kò dáná rí títí wọ́n fi sọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìgbà méjì wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ìgbà àkọ́kọ́ tí kò sí nǹkan kan àfi òro, àti ìgbà tí ara rọ̀ wọ́n díẹ̀ tí wọ́n ti ń rí ẹ̀kọ ṣùgbọ́n tí igbá kò tíì sí. Oríkì kì í to ọ̀rọ̀ bí ìwé ìtàn. Ó máa ń kó ọdún púpọ̀ jọ sínú gbólóhùn kan.

Ní ìrántí ìgbà yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ọdún Òkèbàdàn, ní nǹkan bí oṣù kẹta ọdún. Abòkè ni orúkọ àwòrò òkè náà, ìyẹn ni ẹni tí ń bọ òkè. Lọ́jọ́ ọdún, kò gbọdọ̀ sí iná ní ìdí ààrò, kò gbọdọ̀ sí èéfín. Oúnjẹ tí wọ́n ti sè sílẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ní tútù. Àlàyé tí a máa ń gbọ́ ni pé à ń ṣe bí àwọn baba wa ti ṣe lórí òkè, nígbà tí kò sí ààrò. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fi kún un jẹ́ ti èmi: ẹni tó ń sá fún ọ̀tá kò ní í dáná, nítorí pé èéfín ni yóò júwe rẹ̀. Ọ̀tá tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè rí ènìyàn láàrin igi lórí òkè, ṣùgbọ́n yóò rí èéfín. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tó wà ní ibi ìsápamọ́sí kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fi sí ìdí ààrò.

Òrìṣà òkè náà, obìnrin ni. Àtàgé Olómù Òrù ni wọ́n ń pè é, ìyá tí ọmú rẹ̀ tóbi bí ìkòkò òrù. Ẹ ronú sí i: àwọn tí ebi pa, tí wọ́n kó ọmọ sá, wo òkè tó gbà wọ́n, wọ́n rí ìyá abiyamọ. Nítorí pé obìnrin ni òrìṣà náà, Abòkè, tó jẹ́ ọkùnrin, máa ń dirun, ó sì máa ń wọ aṣọ bí obìnrin. Àwọn ọmọdé máa ń rẹ́rìn-ín, àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni ọkùnrin náà ń ṣe. Ó ń dúró fún ìyá ìlú. Àwọn tó ń wá ọmọ máa ń bẹ òkè yìí, àdúrà tí ẹ ó sì gbọ́ jù lọ ní Ìbàdàn ni pé kí Òkèbàdàn gbè wá.

Ọ̀rọ̀ orin ọdún yìí wá ńkọ́? Ẹ̀yin òbí mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọrin tí ẹnu kò gbọdọ̀ gbé lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á máa dárúkọ ojú ara ọkùnrin àti obìnrin ní gbangba. Ọdún ìbímọ ni ọdún náà, ìlú tí ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán kò sì ní ohun tó tún fẹ́ ju kí wọ́n bímọ kún ilẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àyè rẹ̀. Ní ti èmi, n kò ní í kọ́ ọmọ ní orin náà, ṣùgbọ́n n kò ní í sọ fún un pé àwọn baba rẹ̀ kò nítìjú.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ni kì í pa òfin iná mọ́. Ìlú ti tóbi jù, onírúurú ènìyàn ló sì ń gbé e. Ṣùgbọ́n òkè kò kúrò lẹ́nu wọn. Òkè-Àdó, Òkè-Àrẹ̀, Òkè-Bọ́là: ẹ mú àwòrán ìlú Ìbàdàn, kí ẹ ka iye àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Òkè". Gbọ̀ngàn Màpó pàápàá, tí wọ́n ṣí ní 1929, orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Ìdànrè: ìlú tó sọ̀ kalẹ̀

Bí Ìbàdàn bá jẹ́ àpẹẹrẹ àwọn tó sá gòkè fún ìgbà díẹ̀, Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àpẹẹrẹ àwọn tó fi orí òkè ṣe ìlú pátápátá. Ọba wà níbẹ̀, ààfin wà níbẹ̀, ọjà, ilé ẹjọ́ àti ojúbọ wà níbẹ̀. Ùfẹ̀ Òkè ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìlú wọn, ìyẹn ni Ifẹ̀ tó wà lórí òkè, nítorí pé Ilé-Ifẹ̀ ni ìtàn sọ pé wọ́n ti wá, lábẹ́ Olófin Arẹ̀mítán. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ wo "Ùfẹ̀" yẹn dáadáa. Ní ẹ̀ka èdè apá Oǹdó, "u" ló máa ń wà níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo "i" ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ilé di ulé, iṣu di uṣu. Orúkọ Ìdànrè ní tirẹ̀, wọ́n ní àwọn tó kọ́kọ́ rí òkè náà ló kígbe pé, "Ìdàn rè é!" Ẹni tó bá ti rí òkè wọ̀nyẹn kò ní í bá wọn jiyàn.

Àtẹ̀gùn òkúta ló gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sókè, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá dé òkè, ẹ ó rí ààfin Ọwá pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti ilé agogo tí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ẹ ó rí ojú ẹsẹ̀ Agbóògun lórí òkúta. Ìtàn ìlú sọ pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ó kéré ni o, ó tóbi ni o, yóò wọ̀ ọ́ ṣẹ́kú, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Omi Àpáàrá wà níbẹ̀, omi tí orúkọ rẹ̀ ń rán ni létí àrá. Òkè Orósùn náà wà níbẹ̀, òkè tí wọ́n ń bọ ní oṣù karùn-ún ọdún. Obìnrin ni Orósùn, àwọn tó ń wá ọmọ ló sì máa ń ké pè é jù. Ẹ rí i pé ó dà bí ti Ìbàdàn: òkè tó dáàbò boni, ìyá ló ń dà.

Ní 1923 ni àwọn ará Ìdànrè kó sọ̀ kalẹ̀. Ogun ti tán nígbà náà. Oko kòkó wà nísàlẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, òwò wà nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kò rí ìdí tí wọn yóò fi máa ru ẹrù gun àpáta lójoojúmọ́ nítorí ọ̀tá tí kò wá mọ́. Òdòde, Àlàdé àti Àtọ̀sìn ni wọ́n ń gbé nísinsìnyí, ìlú náà sì di ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí kòkó wọn kàn jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ ṣírò rẹ̀ o. Ní 2023 ni ìsọ̀kalẹ̀ náà pé 100 ọdún. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, tó lè rántí bí àárọ̀ ṣe rí lórí òkè, ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń pọn omi, ẹni tó ń gbé ilé kejì, yóò ti kọjá 110 ọdún. Ohun tó kù fún wa ni ògiri, ojúbọ, ibojì àti ìṣe ọdọọdún. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí ọmọ ìlú olókè kan sọ pé òun kò lọ wo ọdún ìlú òun rí. Ní 2007, wọ́n fi Òkè Ìdànrè sí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ó dára. Ṣùgbọ́n àjọ kankan kò lè rántí orúkọ ìyá ìyá yín bá yín.

Àwọn mìíràn

Àwọn Ẹ̀gbá kò gbé orí àpáta bí kò ṣe abẹ́ rẹ̀; orúkọ ìlú wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, inú pàlàpálá Olúmọ ni àwọn kan sá sí. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, wọn yóò fi yàrá inú àpáta hàn yín, àti ihò inú òkúta tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan. Ihò yẹn wú mi lórí ju gíga àpáta náà lọ. Kò sí ọlọ, wọ́n sọ ilẹ̀ di ọlọ. Nígbà tí ogun Dàhòmì kọlù wọ́n ní 1851 àti 1864, tí wọn kò sì rí ìlú náà gbà, ọ̀wọ̀ Olúmọ tún pọ̀ sí i.

Ní Ìkéré-Èkìtì, òkè Olósùnta àti òkè Orólẹ̀ ló dúró ti ìlú, ọdún Olósùnta sì jẹ́ ọdún ńlá títí di òní.

Òkè-Ihò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìlú mọ́kànlá ló kó ara wọn jọ sórí òkè nítorí ogun, Oǹjó sì di olórí wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn bí àwọn ará Ìdànrè. Ní 1916, àwọn ará Òkè-Ihò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba borí, wọ́n ní kí ìlú náà kúrò lórí òkè, ní 1917 sì ni wọ́n bọ́ sí ibi tí wọ́n wà báyìí. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì rí ni ohun tí àwọn jagunjagun ti rí ṣáájú wọn: ìlú tó wà lórí òkè ṣòro láti mú.

Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin òbí

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan kò fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ nípa ìbọ òkè, yálà nítorí ìgbàgbọ́ Kírísítì tàbí nítorí ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Wọn kò fẹ́ kí ọmọ bọ̀rìṣà, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n kíkọ́ nípa nǹkan yàtọ̀ sí bíbọ ọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìkarahun ìgbín ni baba ńlá òun fi mu ẹ̀kọ nítorí pé ogun lé e jáde, ìtàn ló kọ́, kò tíì rú ẹbọ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wò ó dáadáa. Nígbà tí wàhálà bá dé bá àwọn Kírísítẹ́nì Aládùúrà, níbo ni wọ́n ń lọ? Orí òkè náà ni. Òkè àdúrà pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, irú èyí tó wà ní Èrìò ní Èkìtì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń lo ọjọ́ púpọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ààwẹ̀. Wọn kì í bọ òkè, Ọlọ́run ni wọ́n ń pè. Àmọ́ ẹsẹ̀ wọn mọ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ àwọn baba wọn ti mọ̀. Bí ọmọ bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi ń gòkè lọ gbàdúrà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ inú ìwé mímọ́ nìkan dá a lóhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò ó

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de ìjọba. Òkè wà nítòsí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, kì í ṣe Olúmọ àti Ìdànrè nìkan. Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbàlagbà kan nílé léèrè pé: níbo ni ìlú wa wà kí a tó dé ibi tí a wà yìí? Kí ni wọ́n jẹ lójú ọ̀nà? Ọjọ́ wo nínú ọdún ni ohun kan di èèwọ̀ fún gbogbo ìlú, kí ni ohun náà sì jẹ́? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ní ẹ̀ka èdè tí àgbà náà fi sọ ọ́. Kí wọ́n má tún un ṣe sí Yorùbá ilé ìwé. Ìdáhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jọra láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níye lórí púpọ̀.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, ẹ tètè kúrò nílé kí oòrùn tó mú, kí olúkúlùkù gbé omi dání. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ kí àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ tàbí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ní Ìdànrè, ẹ lo gbogbo ibi ìsinmi márààrún, kí ẹ sì ka àwọn ọmọ níbi kọ̀ọ̀kan. Bí òjò bá ti ń ṣú, ẹ má gòkè. Àpáta tó tutù máa ń yọ̀ gan-an.